Bí ẹ ṣe lè ṣe yàrá àlejò ilé etí òkun lọ́ṣọ̀ọ́ láì kó gbogbo òkun wọlé

Àṣejù ló máa ń ba yàrá àlejò ilé etí òkun jẹ́. Ẹ wọlé báyìí, ìdákọ̀ró wà lára ògiri, ẹja wà lára ìrọ̀rí, ọkọ̀ ojú omi kékeré wà lórí tábìlì, wọ́n tún wá fi pákó kọ "BEACH" gàdàgbà sókè bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ òkun gan-an ló ń hó níta fèrèsé yẹn o. Àlejò tó bá dé síbẹ̀ ti mọ̀ pé etí òkun lòun wà. Ohun tó ń fẹ́ nínú yàrá ni kí ara tù ú, kí ojú ẹ̀ sinmi, kó sùn dáadáa, kí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ àti bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ sì máa rán an létí omi níwọ̀nba. Nítorí náà nǹkan méjì ni mo máa tẹnu mọ́ níbí: kí yàrá yín mú àwọ̀ ẹ̀ látara etí òkun tó wà níwájú ilé yín gan-an, kí gbogbo ohun tí ẹ bá sì gbé síbẹ̀ lè bá iyọ̀ àti ọ̀rinrin gbé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí àlejò máa gbórí lé, kí ẹ wo ohun tí ojú yín bá pàdé. Ṣé omi lẹ rí àbí ògiri ilé kejì? Tó bá jẹ́ omi, fèrèsé yẹn ni olórí ọ̀ṣọ́ nínú yàrá, ẹ má gbé nǹkan kan dí i. Tí ẹ ò bá rí omi, a jẹ́ pé ògiri àti àwòrán ló máa ṣiṣẹ́ jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ mú fóònù yín lọ sí etí omi, ẹ ya fọ́tò láàárọ̀, ẹ yà á lọ́sàn-án, ẹ tún yà á nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, torí òkun kì í dúró sójú àwọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé búlúù ni òkun, àmọ́ òmíràn wà tó jẹ́ àwọ̀ ewé, òmíràn ní àwọ̀ eérú, níbi tí odò ńlá bá sì ti ń ya wọ òkun, omi ibẹ̀ máa ń pọ́n torí ẹrẹ̀ tí odò ń gbé bọ̀. Iyanrìn náà ò rí bákan náà, èyí tó funfun wà, èyí tó pọ́n wà, ní àwọn ibi tí òkè ayọnáyèéfín bá wà iyanrìn lè dúdú kirikiri torí pé òkúta tí òkè yẹn yọ́ jáde ni omi lọ̀ kúnná. Tó bá jẹ́ iyanrìn dúdú ló wà níwájú ilé yín tí ẹ wá lọ kun yàrá ní búlúù àti funfun tí gbogbo ayé ń kùn, inú ilé àti ìta ò ní bára wọn mu rárá.

Nínú àwọn fọ́tò yẹn ẹ mú àwọ̀ mẹ́ta péré. Àwọn tó ń fi ọ̀ṣọ́ ilé ṣiṣẹ́ ṣe máa ń pín in sí 60, 30 àti 10 nínú 100, ìyẹn ni pé àwọ̀ kan gba ògiri àti àwọn nǹkan ńláńlá, èkejì gba kọ́tìnì, rọ́ọ̀gì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìkẹta kàn ń yọjú níbí àti lọ́hùn-ún. Èmi fẹ́ràn kí àwọ̀ iyanrìn ló gba ibi tó pọ̀ jù, kí búlúù kéré, torí búlúù tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí yàrá tutù lójú, pàápàá tí oòrùn kì í bá wọ ibẹ̀ dáadáa.

Ní ti ọ̀dà, ẹ má fi páálí kékeré tí wọ́n ń fún èèyàn ṣèpinnu. Ẹ ra èyí tó kéré jù nínú àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ kùn ún sára páálí ńlá kan, kí ẹ máa gbé páálí yẹn láti ògiri kan dé òmíràn, ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá tan iná lálẹ́. Létí òkun, omi àti iyanrìn máa ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà wọ inú ilé, funfun tó bá wá funfun jù á máa ta èèyàn lójú lọ́sàn-án, ẹ wá funfun tí wọ́n ti po àwọ̀ wàrà tàbí àwọ̀ iyanrìn díẹ̀ mọ́. Kí ẹ mú ọ̀dà tó ṣe é fọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní satin tàbí eggshell, tí wọ́n sì ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri bu sí i. Àjà tí ẹ bá kùn ní búlúù tó ṣá gan-an, tó fẹ́ẹ̀ẹ́ má hàn, máa ń dà bíi pé ó ga sí i, ẹ sì lè kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lóòró sí ìdajì ògiri nísàlẹ̀, ó dára lójú, ó sì máa ń gba ògiri lọ́wọ́ báàgì àti ẹsẹ̀ tó ní iyanrìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti iyọ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Ìgbì tó bá fọ́ létí omi máa ń ta ẹ̀kán omi kéékèèké sókè, atẹ́gùn á gbé e wọlé, omi á gbẹ, iyọ̀ á wá lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, iyọ̀ yẹn á tún máa fa ọ̀rinrin mọ́ra lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí irin fi ń tètè dógùn-ún níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n kùn ní funfun tó rẹwà nígbà tí ẹ rà á, ibi kékeré tí ọ̀dà bá ti bó lára ẹ̀ ni ìdógùn-ún á gbà wọlé, á wá máa sàn pupa sílẹ̀ àti sára aṣọ. Kódà stainless steel ò rí bákan náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 304 tó wọ́pọ̀ máa ń yọ àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú létí òkun, 316 ni kí ẹ bèèrè fún sìkúrù, híńjìsì àti ìkọ́ tí ẹ máa fi kan nǹkan mọ́ ògiri, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní molybdenum wà nínú tiẹ̀ tó ń bá iyọ̀ jà. Idẹ náà dáa, á ṣókùnkùn, á lè yọ àwọ̀ ewé díẹ̀, àmọ́ kò ní jẹrà bíi irin, ó tiẹ̀ máa ń bá irú yàrá bẹ́ẹ̀ mu bó ṣe ń gbó. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n kùn dáadáa dára fún ọ̀pá kọ́tìnì.

Pákó náà lójú o. MDF àti àwọn pákó tí wọ́n fi gúlúù àti eérún igi tẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rinrin bá ti gba etí wọn wọlé wọ́n á wú, wọn ò sì ní padà sí bí wọ́n ṣe wà mọ́. Ẹ ra igi gidi, kódà kó jẹ́ àlòkù, ẹ ha á, ẹ fi epo igi pa á, ó sàn ju tuntun tó máa wú lọ. Ọparun àti àwọn àga tí wọ́n hun máa ń dáa torí atẹ́gùn ń gba inú wọn kọjá. Wọ́dúróòbù, ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, kí ilẹ̀kùn ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ aṣọ àlejò á máa rùn. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú yàrá, hygrometer lorúkọ ẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀ má kọjá 60 nínú 100, tó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ ẹ ṣí fèrèsé méjèèjì kí atẹ́gùn gba inú kọjá tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, torí èébu ò ní mọ̀ pé ẹ náwó sí ògiri yẹn.

Bẹ́ẹ̀dì ni ojú yàrá. Kí ẹ wọn yàrá kí ẹ tó rà á, bẹ́ẹ̀dì queen jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 152 sí 203, ó sì yẹ kí sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí èèyàn méjì lè dìde láì máa gun ara wọn. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì ti gba gbogbo ẹ̀ tán kò sí ọ̀ṣọ́ tó lè rà á padà, ẹ yáa mú èyí tó kéré. Fún aṣọ ẹ̀, òwú tí wọ́n hun ní percale, ìyẹn híhun tí fọ́nrán kan ń gba orí kan, abẹ́ kan, máa ń tutù lára, tí iye fọ́nrán ẹ̀, ìyẹn thread count tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀, bá wà láàárín 200 sí 300 ó ti tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 1000 tàn yín, ìyẹn máa ń nípọn, ooru á sì mú èèyàn. Líníìnì ni mo fẹ́ràn jù, ó ń tètè gbẹ, kò sì nílò áyọ́ọ̀nù, bó ṣe rún yẹn ni ẹwà ẹ̀. Ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, torí atẹ́gùn òkun lè tutù lóru, kí àwọ̀ kẹta yín sì yọjú lára ẹ̀. Ìrọ̀rí ọ̀ṣọ́ méjì ti tó! Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni àlejò máa kó wọn sí.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa àbàwọ́n. Ìpara tí èèyàn ń fi pa ara nítorí oòrùn, púpọ̀ nínú wọn ní avobenzone, èròjà kan tó ń dènà oòrùn, tó bá pàdé omi tí irin wà nínú ẹ̀ á yọ àbàwọ́n tó dà bí ìdógùn-ún sára aṣọ funfun, tí ẹ bá wá da bílíìṣì sí i, ṣe ló máa pọ̀ sí i. Torí ẹ̀ ẹ ya táwẹ̀lì etí omi sọ́tọ̀ kúrò lára táwẹ̀lì ìwẹ̀, kí ti etí omi ní ìlà tàbí àwọ̀ iyanrìn, ẹ ká a sínú agbọ̀n kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Agbọ̀n tí táwẹ̀lì aláwọ̀ wà nínú ẹ̀ ti di ọ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀ nìyẹn.

Kọ́tìnì, ẹ fi ọ̀pá ẹ̀ sókè fèrèsé ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kó sì gùn kọjá fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí aṣọ lè kúrò lójú gíláàsì pátápátá tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ ṣe é ní ìpele méjì, èyí tó fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn lè máa gbé fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ́sàn-án, àti èyí tó nípọn tí kò ní jẹ́ kí oòrùn ta àlejò jí ní kùtùkùtù. Oòrùn etí òkun máa ń mú kí aṣọ ṣá, búlúù tó dúdú ló sì máa ń hàn lára ẹ̀ jù, tí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ bo àga ojú fèrèsé ẹ bèèrè acrylic tó jẹ́ solution-dyed, ìyẹn èyí tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ nǹkan tí wọ́n fi ṣe fọ́nrán ẹ̀ kó tó di òwú, kì í ṣá bọ̀rọ̀. Tí fèrèsé bá kọjú sí omi, ẹ gbé dígí ńlá kan sí ògiri òdìkejì, èèyàn á máa rí òkun lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e dúró fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó kàn án, kó má lọ máa da oòrùn lu ojú ẹni tó ń sùn, kí ẹ sì ra dígí irú èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀, torí ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ̀yìn dígí, etí ẹ̀ á wá dúdú.

Ilẹ̀, ọ̀rọ̀ iyanrìn ni. Rọ́ọ̀gì onírun gígùn, kò yá mi lára, iyanrìn á wọnú ẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Jute, ìyẹn rọ́ọ̀gì tí wọ́n fi okùn ewéko hun, rẹwà lóòótọ́, ó ní àwọ̀ etí òkun gan-an, ṣùgbọ́n tí omi bá ti ń kán sí i á máa rùn á sì yọ àbàwọ́n, polypropylene, irú ike kan, tí wọ́n hun bíi tiẹ̀ wà, èèyàn lè gbé e síta kó fi họ́ọ̀sì fọ̀ ọ́. Kí rọ́ọ̀gì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 kí ẹsẹ̀ àlejò lè bá a tó bá jí. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé àpótí kékeré kan tí wọ́n lè jókòó lé láti gbọn ẹsẹ̀, bàsíà omi kan níta, àti ìkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Àwọn nǹkan òkun gan-an ló kù, ìkarahun, igi tí omi gbé wá, gíláàsì tí ìgbì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún họ tí etí ẹ̀ ò mú mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí ẹ wà, torí ọ̀pọ̀ etí òkun ni kò gbà kéèyàn kó nǹkan lọ, ní Sardinia ní Ítálì òfin wà láti 2017 tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá kó iyanrìn tàbí ìkarahun. Ọ̀pọ̀ iyùn òkun, àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun bíi nautilus, queen conch àti giant clam, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè pa run, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1973, kíkó wọn kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn sábà máa ń béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ fi ìràwọ̀ òkun sílẹ̀ síbi tó wà, èyí tí kò mira yẹn lè má tíì kú. Ìkarahun tí ẹ bá mú, ẹ yí i wò, tí nǹkan bá fà sẹ́yìn nínú ẹ̀, tí ẹsẹ̀ akàn bá yọ, tàbí tí ẹ bá rí ìdérí kékeré kan tó pa ẹnu ẹ̀ dé, ẹ dá a padà, nǹkan ẹlẹ́mìí ń gbé ibẹ̀. Sand dollar, ẹ̀dá òkun pẹlẹbẹ roboto yẹn, tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tó sì rí múlọ́múlọ́ ṣì wà láàyè, èyí tó ti kú máa ń funfun.

Bí ẹ bá kó o délé, ẹ rẹ ìkarahun sínú omi tí kò níyọ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbo ó. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ po bílíìṣì mọ́ omi, ẹ rẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ má lo fínígà o, calcium carbonate ni ìkarahun, fínígà á jẹ ẹ́, tí fínígà bá sì pàdé bílíìṣì èéfín tó ń pani ló máa yọ. Tó bá gbẹ, ẹ fi epo ara ọmọdé díẹ̀ nù ún, àwọ̀ ẹ̀ á jí padà. Igi tí omi gbé wá, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀, torí tí iyọ̀ bá kù nínú ẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin títí ayé, ẹ wo ihò kòkòrò lára ẹ̀, ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ dénú. Igi gígùn kan tí ẹ fi okùn so kọ́ sára ògiri, tí ẹ kan ìkọ́ sí lára, àlejò á máa fi fìlà àti báàgì kọ́ ọ. Okùn gidi máa ń yọ irun, ó sì ń mu omi, ẹ wá èyí tí wọ́n fi polyester ṣe tó jọ ọ́.

Nígbà tó bá wá di pé kí ẹ tò ó, ẹ ní sùúrù. Àwo gíláàsì kan tí ìkarahun irú kan ṣoṣo kún inú ẹ̀ dára ju ogún oríṣiríṣi tí ẹ fi gúlúù lẹ̀ mọ́ dígí, mọ́ lámpù, mọ́ férémù. Ìkarahun ńlá kan lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìwé kan, ó parí. Fún ògiri, àwòrán ńlá kan ṣoṣo ni mo máa sọ pé kí ẹ wá, èyí tó dáa jù lójú tèmi ni máàpù òkun tí àwọn atukọ̀ ń lò, tó fi bí omi ṣe jìn tó hàn, kó sì jẹ́ ti etíkun yẹn gan-an, àlejò á máa fìka wá ibi tó ti lúwẹ̀ẹ́ lára ẹ̀. NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, ní àkójọ àwọn máàpù àtijọ́ ti etíkun wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àárín àwòrán wà ní sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 sílẹ̀, tó bá jẹ́ òkè bẹ́ẹ̀dì, kó fi 15 sí 20 ga ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹ fi rọ́bà kékeré sẹ́yìn férémù kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀.

Iná, ẹ ra bọ́ọ̀bù 2700K, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rọ̀, ó sì jọ ti ìrọ̀lẹ́. Lámpù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú súìṣì tí ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ lè tó, kí ìdí ẹ̀ jẹ́ gíláàsì tàbí amọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìjàpá òkun máa ń yé ẹyin sí etí omi yín, ẹ fọwọ́ gidi mú èyí: ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ láti fèrèsé lóru máa ń ṣi àwọn ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́nà, wọ́n á kọjú sí ilé dípò omi, ọ̀pọ̀ á sì kú. Lásìkò yẹn ẹ máa pa kọ́tìnì tó nípọn dé tílẹ̀ bá ti ṣú, kí bọ́ọ̀bù ojú fèrèsé sì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa.

Ohun tó kù jẹ́ ti ìtọ́jú àlejò: ibi gbígbé báàgì lé, sókẹ́ẹ̀tì nítòsí orí bẹ́ẹ̀dì, omi mímu àti ife, àti páálí kékeré tí ẹ kọ páásìwọ̀ọ̀dù íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ fi àkókò tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà sí i, àmọ́ ẹ má kọ aago kan pàtó kí ẹ wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, torí níbi púpọ̀ omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, ẹ tẹ tábìlì oṣù yẹn jáde. Kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé tí omi bá ń fa èèyàn lọ sínú, kó má bá a jà, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíbá etíkun lọ títí á fi bọ́ níbẹ̀.

Tí ẹ bá máa ti ilé pa fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ fèrèsé àti híńjìsì, ẹ nù wọ́n gbẹ, ẹ ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀ àti wọ́dúróòbù sílẹ̀, ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró ní òró, ẹ kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, kí ẹ sì gbé ike calcium chloride kan sí àárín yàrá kó máa fa omi, lórí àwo tó jìn, torí omi tó bá fà máa ń pọ̀, tó bá dà sílẹ̀ á ba pákó jẹ́.